Ẹgbẹ̀rún náírà kan tó há sí àárín Yábà àti Márínà

Wọ́n ní ọjà Oyíngbò kì í mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Ṣùgbọ́n ọjà Oyíngbò mọ̀ bí ẹgbẹ̀rún náírà kan kò bá wá. Ní ìparí oṣù Kọkànlá, ìyá kan tó ń ta ata níbẹ̀ kó àjọ rẹ̀, owó náà kò pé. Ẹgbẹ̀rún kan ló ń dá lójoojúmọ́, oṣù náà pé ọgbọ̀n ọjọ́, kò sì pa ọjọ́ kankan jẹ. Ẹni tó bá ti dá àjọ rí mọ̀ pé owó ọjọ́ àkọ́kọ́, ti alájọ ni. Owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, 29,000 náírà. Áàpù tó fi ń dá àjọ náà lórí fóònù rẹ̀ kọ 29,000 gàdàgbà. 28,000 ló wọ àkáǹtì rẹ̀.

Ìyá aláta kò pe ilé-iṣẹ́ kankan. Alájọ ló pè, torí alájọ ló mọ̀, kò sì bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kárí ìsọ̀: alájọ ti ń fi fóònù jí owó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ àjọ á mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Alájọ kò ní ilé báǹkì, kò ní sẹkúríìtì lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló fi ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn láràárọ̀.

Ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù náà pè mí láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. N kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n bá àwọn tó ń kọ sọ́fítíwià wo ibi tí iṣẹ́ ti ń bọ́ láàárín ọwọ́ sí ọwọ́. Wọ́n gbà kí n kọ ọ́ síta bí n kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí ẹlòmíì kà á, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ gbà pé bí kóòdù bá ti yege ìdánwò, ọ̀rọ̀ ti parí.

Àwọn tó wà níbẹ̀

Èèyàn mẹ́rìnlá ni gbogbo wọn. Àwọn tó ń kọ áàpù, àti apá tó ń yọ owó àjọ fúnra rẹ̀ látinú àkáǹtì oníbàárà, wà ní Yábà, ní òpópónà kan tó yà kúrò ní Herbert Macaulay. Àwọn tó ń bójú tó sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó tí áàpù ń yọ) àti ìṣirò owó wà ní Márínà, torí ẹni tó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́ ní yàrá níbẹ̀ tí kò gba owó ilé lọ́wọ́ wọn. Third Mainland Bridge ló là wọ́n láàárín, ará Èkó sì mọ̀ pé afárá yẹn lè gba ogún ìṣẹ́jú lónìí kó gba wákàtí méjì lọ́la. Ẹnjiníà tó kọ sáfà náà níbẹ̀rẹ̀ ti jápa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti ọ̀hún. Ẹnì kan tún wà ní Yábà tí tọmọdé tàgbà wọn ń pè ní Àǹtí, òun ló ń gbé ìpè àwọn oníbàárà. Ìyá tó bí Àǹtí ṣe alájọ ní Mushin títí ó fi darúgbó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Kò sí kóòdù tó ń wọlé láìjẹ́ pé ẹlòmíì kà á, ìdánwò wọn ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, àkọsílẹ̀ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì pọ̀ débi pé wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí owó náà ṣe há

Láti ìbẹ̀rẹ̀, aago mẹ́fà àárọ̀ ni áàpù máa ń yọ owó àjọ. Ní àárín oṣù Kẹwàá, àwọn ará Yábà sún un sí aago méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdí wọn dára. Láàárọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì báǹkì máa ń fún pọ̀, owó púpọ̀ ni kì í kọjá, oníbàárà á wá máa rò pé òun pa ọjọ́ jẹ. Lóru, ọ̀nà dá. Wọ́n sún un, owó tó ń kọ̀ láti kọjá dín kù, inú gbogbo wọn dùn.

Ṣùgbọ́n sáfà kì í ka ọjọ́ bí ará Èkó ṣe ń kà á. UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, ló ń lò, bí ọ̀pọ̀ sáfà káàkiri ayé, torí aago yẹn kì í yí padà láéláé. Èkó fi wákàtí kan ṣíwájú UTC jálẹ̀ ọdún, nítorí Nàìjíríà kì í sún aago síwájú sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ aago mẹ́fà àárọ̀ l'Ékòó, aago márùn-ún ni lórí sáfà, ọjọ́ kan náà ṣì ni. Bí ó bá jẹ́ 12:05 òru l'Ékòó, 11:05 alẹ́ àná ni lórí sáfà. Láti òru tí wọ́n ti sún aago, gbogbo owó tí áàpù ń yọ ni sáfà ń kọ sí ọjọ́ tó ti kọjá.

Láàárín oṣù, kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí owó ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, iye rẹ̀ kò yí padà. Ọjọ́ kìíní oṣù ni gbẹgẹdẹ gbiná. Owó tí ìyá aláta dá ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, sáfà kọ ọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá. Bẹ́ẹ̀ àwọn ará Márínà máa ń ti ìwé oṣù ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, kí owó lè wà nílẹ̀ fún àwọn èèyàn bí ilẹ̀ bá mọ́. Wọ́n ti ti oṣù Kẹwàá pa. Owó náà wọlé pẹ̀lú déètì oṣù tí wọ́n ti ṣírò tán, ó sì jókòó síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi í pé kí ló wá ṣe. Nígbà tí owó ọjọ́ kejì dé, sáfà ní èyí ni àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá, ó yọ ọ́ fún alájọ. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló kà, ó yọ ọ̀kan, ó ku 28. Áàpù ń wo aago fóònù ní tirẹ̀. Ọgbọ̀n ló kà, ó yọ ọ̀kan, ó ku 29.

Àwọn tó ń fi owó lé alájọ lọ́wọ́ kò ní wàhálà rárá, torí ọ̀sán ni alájọ ń tẹ owó tiwọn sínú fóònù. Ohun tó tún dá kún ẹ̀sùn náà nìyẹn: owó ẹni tó ń san lójúkojú pé, ti ẹni tó fi sílẹ̀ fún fóònù kò pé. Ta ni kò ní fura?

Ìwé Àǹtí

Nígbà tí mo dé Yábà, apá kọ̀ọ̀kan ti fi ẹ̀rí hàn pé ọwọ́ òun mọ́. Àwọn ará Yábà fi àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ hàn: 12:05, ọjọ́ kìíní, owó wọlé. Àwọn ará Márínà, lórí fídíò tó ń há lójú ọ̀nà, ka ìlànà wọn: owó tó bá kọ́kọ́ dé nínú oṣù, ti alájọ ni, a yọ ọ́, a san ìyókù. Kò sí irọ́ nínú méjèèjì. Sùúrù ọ̀gá wọn ti ń tán. Ó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, kí gbogbo wọn jókòó síbẹ̀ títí wọn ó fi rí ìdí rẹ̀. Àǹtí, tó ń gbé omi tútù wọlé fún mi, dáhùn lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ẹ ṣeun, sà. Ṣé ẹnì kan ti bi àgbà léèrè?"

Ó jáde, ó padà wá pẹ̀lú ìwé ńlá kan ẹlẹ́yìn líle, irú èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń kọ gbèsè. Àwọn ẹ̀dùn oníbàárà ló ń fọwọ́ kọ síbẹ̀. Wọ́n ní sọ́fítíwià tó wà fún ìyẹn, ṣùgbọ́n bó bá ti fèsì, ẹ̀dùn á ti pa dé, kò ní lè rí i bí ẹni mẹ́wàá bá ń sọ ohun kan náà. Ó ṣí i sí ìparí oṣù Kẹwàá. Ojú ewé lórí ojú ewé, ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló dé tí ìwé yín ń pe òní ní àná?

Lẹ́yìn náà ó tẹ́ sítétímẹ́ǹtì ìyá aláta sórí tábìlì, ó fi báírò pupa yí ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá po. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀: ẹgbẹ̀rún kan ní 05:00, ẹgbẹ̀rún kan ní 23:05.

"Ta ló ń dá àjọ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́?" Àǹtí bi wọ́n. "Ká ní káàdì ni, ibo lẹ fẹ́ sàmì èkejì sí? Ojú kan ṣoṣo ni ọjọ́ kan ní."

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí káàdì àjọ rí, páálí pẹlẹbẹ kan ni, ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan ń bẹ lọ́wọ́ alájọ, ọ̀kan ń bẹ lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n á sì jọ sàmì sí méjèèjì lójú ara wọn. Bí àmì bá yàtọ̀, ọjọ́ kejì ni ìjà á ti ṣẹlẹ̀, kò ní dúró di ìparí oṣù.

Ọmọkùnrin kan nínú àwọn ará Yábà gba báírò lọ́wọ́ Àǹtí, ó kọ 00:05 sí ẹ̀gbẹ́ 23:05. "Jésù," ó ní, "wákàtí kan ni!"

Mo béèrè lọ́wọ́ Àǹtí bóyá ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ti sọ ọ́ nínú gúrúùpù WhatsApp ilé-iṣẹ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò dá a lóhùn. Inú gúrúùpù yẹn kan náà ni wọ́n ti kéde pé wọ́n ti sún aago. Mo wá a títí mo fi rí i, láàárín ìkíni ọjọ́ ìbí ẹnì kan àti fọ́tò ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù.

Mo pe ti Lọ́ńdọ̀nù náà. Wọ́n ti bi í ní oṣù Kẹwàá bóyá sísún aago á dí sáfà lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó rí owó tó wọlé ní 12:05, ó ní kò sí wàhálà. Ohun tó rí kì í ṣe UTC. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń yí aago sáfà padà sí aago ìlú tó wà, Lọ́ńdọ̀nù sì ń fi wákàtí kan ṣíwájú UTC títí di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn nínú oṣù Kẹwàá, kí wọ́n tó dá aago wọn padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bi í, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Èkó dọ́gba. Ká ní oṣù Kọkànlá ni wọ́n bi í, 11:05 ni ì bá rí.

Ta ló mọ kí ni?

Kò sí ohun kan nínú wàhálà yìí tí ẹnì kan nínú ilé-iṣẹ́ náà kò mọ̀. Ti Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé UTC ni sáfà ń lò. Òun ló fi síbẹ̀. Àwọn ará Márínà mọ̀ pé owó àkọ́kọ́ oṣù ni wọ́n ń yọ fún alájọ, wọ́n sì mọ wákàtí tí wọ́n ń ti ìwé. Àwọn ará Yábà mọ̀ pé aago ti sún sí òru. Àǹtí mọ̀ pé ọjọ́ ti ń ṣì wọlé. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan mọ̀ pé ẹlòmíì mọ̀.

Ní 1985, Daniel Wegner, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa tọkọtaya: wọ́n ní àwọn méjì tó ti pẹ́ pọ̀ kì í jọ rántí ohun kan náà, wọ́n máa ń pín in. Ìyàwó mọ ibi tí ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wà, ọkọ kò dà á láàmú, torí ó mọ ẹni tí òun máa bi. Àwọn tó wá lẹ́yìn gbé èrò náà wọ ibi iṣẹ́. Mo gbà pé òun ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí jù. Kò pọn dandan kí ará Yábà mọ bí sáfà ṣe ń ka ọjọ́. Ó pọn dandan kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ní ẹni tí wọ́n ń bi, kí òun tó fọwọ́ kan aago.

Melvin Conway, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1968 pé ohun tí àwọn èèyàn bá jọ kọ́ máa ń rí bí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ṣe rí. Ibi tí afárá ti pín àwọn èèyàn wọ̀nyí gan-an ni sọ́fítíwià wọn ti là. Áàpù ní ọjọ́ tirẹ̀, sáfà ní tirẹ̀. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó jù wọ́n lọ: ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1999, Mars Climate Orbiter, ọkọ̀ tí NASA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí òfúrufú ti Amẹ́ríkà, rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, pòórá bó ṣe dé ọ̀hún, nítorí sọ́fítíwià apá kan ń fi òṣùwọ̀n pọ́n-ùn ṣírò agbára ẹ́ńjìnnì, apá kejì sì ń kà á bíi pé òṣùwọ̀n níútọ́ọ̀nù ni. Ìṣirò apá kọ̀ọ̀kan dára lójú ara rẹ̀.

Ẹlòmíì á ní kí ni gbogbo ariwo yìí, àṣìṣe aago lásán ni. Lóòótọ́, títún kóòdù náà ṣe kò ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. UTC ṣì ni sáfà ń tọ́jú, ṣùgbọ́n ó ń yí i padà sí ọjọ́ Èkó kó tó ṣírò àjọ kankan, ó sì ń kígbe báyìí bí owó bá wọ oṣù tí wọ́n ti tì. (Èyí kejì ló yẹ kó ti wà tipẹ́, owó tó wọ inú ìwé títì láìsí ẹni tó gbọ́, ìyẹn dẹ́rù bà mí ju ọ̀rọ̀ aago lọ.) Ṣùgbọ́n oṣù kan gbáko ni àmì rẹ̀ fi wà nínú ìwé Àǹtí kí ẹnjiníà kankan tó rí i, kóòdù kò lè tún ìyẹn ṣe.

Ohun tí wọ́n yí padà

Ohun tí ọ̀gá kọ́kọ́ ṣe ni pé kí gbogbo wọn máa ṣèpàdé láràárọ̀. Mo sọ fún un pé kò ní pẹ́. Fred Brooks, tó darí kíkọ sọ́fítíwià ńlá kan ní IBM, ti ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1975: bí èèyàn bá ṣe ń pọ̀ sí i, ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ láàárín wọn máa ń yára pọ̀ jù wọ́n lọ. Èèyàn márùn-ún, ọ̀nà mẹ́wàá. Èèyàn mẹ́rìnlá, ọ̀nà 91. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ohun tí èèyàn ṣe lánàá ló ń sọ. Ohun tó ti gbà pé gbogbo ayé mọ̀, kì í sọ ọ́. Ẹni tó sún aago ì bá sọ pé "mo ti sún aago", àwọn ará Márínà ì bá sì ní "ó dáa". Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí WhatsApp náà nìyẹn. Ìpàdé náà kú kí Kérésìmesì tó dé.

Èyí tó dúró ni ojú ewé kan ṣoṣo, tí kò gbọdọ̀ ju ohun tí fóònù lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ tẹ́lẹ̀, aago sáfà pàápàá wà nínú rẹ̀, ti Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ dáadáa kó tó lọ. Ará Yábà kankan kò ṣí i rí, torí kò sí ẹni tó ń kọ sáfà níbẹ̀. Ojú ewé tuntun yìí ń sọ pé: ọjọ́ Èkó ni ọjọ́. Oṣù bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru l'Ékòó. Owó ojú àkọ́kọ́ káàdì, ti alájọ ni. Aago mọ́kànlá alẹ́ la ń ti ìwé. Kọ́bọ̀ ni gbogbo iye owó inú kóòdù, kì í ṣe náírà. Orúkọ ẹnì kan wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tó kan ìlà náà gbọ́dọ̀ pè é lórí fóònù. Kì í ṣe kó kọ ọ́ sí gúrúùpù.

Orúkọ yẹn fa ìjà. Ọ̀gá àwọn ará Márínà bínú pé orúkọ Àǹtí wà níwájú ìlà tó pọ̀ ju tòun lọ, pé ẹni tó ń gbé fóònù kò lè máa pàṣẹ fún ẹnjiníà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fà á. Àǹtí kò dá sí i. Ọmọkùnrin tó gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀ ló dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ sọ fún wa ohun tí alájọ ń ṣe bí oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù." Ẹ̀gbọ́n kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi orúkọ náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, díẹ̀ nínú àwọn ará Yábà àti Márínà jọ bá alájọ yí ká Oyíngbò láàárọ̀ ọjọ́ kan. Èyí tí wọ́n rántí jù ni bó ṣe máa ń sàmì sí káàdì oníbàárà kó tó sàmì sí tirẹ̀. Wọ́n bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Bí mo bá kọ tèmi tán, tí ẹnì kan bá pè mí, mo lè gbàgbé tirẹ̀. N kò lè gbàgbé tèmi." Ọ̀kan nínú wọn lọ yí kóòdù padà nítorí ọ̀rọ̀ yẹn: ní báyìí, áàpù kì í kọ iye kankan fún oníbàárà àyàfi èyí tí sáfà bá ti fọwọ́ sí, kí méjèèjì má bàa máa gbé ìṣirò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ.

Ilé-iṣẹ́ san owó padà fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Àǹtí fúnra rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ aláta láti sọ ọ́ síta pé alájọ kò jalè. Ọ̀pọ̀ gbà. Ìyá aláta gbà, ṣùgbọ́n ó ti padà sí káàdì páálí, ó ní áàpù lè dúró síbẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Ohun tó kù nílẹ̀ báyìí ni Accra. Wọ́n fẹ́ gbé áàpù náà lọ sí Gánà, níbi tí wọ́n ti ń pe irú àjọ yìí ní susu. Ìlà àkọ́kọ́ lórí ojú ewé náà ti wá di ìbéèrè: ọjọ́ ta ni? Aago Accra àti UTC dọ́gba, nítorí náà ẹni tó bá dán an wò níbẹ̀ á rí i pé gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, títí oníbàárà Accra kan á fi ní alájọ kan tó ń gbé l'Ékòó. Wọ́n ti kọ ìbéèrè náà sílẹ̀, wọ́n sì ti kọ orúkọ ẹni tó máa lọ bá àwọn tó ń gba susu sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ kóòdù. Ará Márínà ni, ẹ̀gbọ́n tó bínú yẹn.